Ìmọ̀ràn owó-orí lọ́sàn-án, kíláàsì yunifásítì nírọ̀lẹ́: ta ló ti ṣe é rí?

Oníṣirò_Òwúrọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn lórí owó-orí ni mò ń ṣe, pàápàá fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí òwò wọn kọjá orílẹ̀-èdè kan. Yunifásítì kan ti ní kí n wá máa kọ́ àwọn tó ń ṣe oyè másítà ní ẹ̀kọ́ owó-orí láàárín orílẹ̀-èdè, ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀, fún sáà kan ná. Inú mi dùn sí i. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní òun ò rí ohun tó burú níbẹ̀ "bí àwọn oníbàárà ò bá ti ṣàròyé." Ẹ̀yin náà rí i pé kò gbà, kò sì kọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe méjèèjì pọ̀, ṣé ọ̀kan kì í pa èkejì lára? Ṣé kí n ti máa ronú oyè ọ̀mọ̀wé báyìí, àbí kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò? Mi ò fẹ́ fi iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ṣeré, mi ò sì fẹ́ di olùkọ́ asáré-wọlé-sáré-jáde.

Olùkọ́Ìrọ̀lẹ́

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà lẹ́nu méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí. Kíláàsì gan-an kọ́ ni iṣẹ́. Wákàtí méjì tí ẹ máa fi dúró níwájú wọn yẹn, ìgbáradì rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ lè gba gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìdánwò tó yẹ ní kíkà, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí mẹ́nu bà nígbà tí wọ́n bá ń bẹ̀ yín.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tó bá di ọdún kejì, sláìdì ti wà nílẹ̀, ó kù ká máa kà á. Owó-orí kì í dúró dè yín. Ní oṣù kẹwàá 2021, orílẹ̀-èdè tó lé ní 130 fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún tó mílíọ̀nù 750 owó yúrò máa san ó kéré tán ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èrè wọn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti ń ṣòwò. Ẹni tó ti to sláìdì rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ní láti fọ́ ọ tún tò, kó sì tún máa ṣọ́ orílẹ̀-èdè tó ti sọ ọ́ dòfin àti èyí tó ṣì ń fà sẹ́yìn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èrè rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ 183. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́: òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán lọ sílẹ̀ òkèèrè, bí kò bá lò ju ọjọ́ 183 lọ níbẹ̀ láàárín oṣù 12, kò ní san owó-orí níbẹ̀ lórí owó oṣù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ kíláàsì náà ṣe máa ń há a sórí. Ẹ wá ní kí wọ́n ṣí abala 15 nínú àwòṣe àdéhùn OECD (àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ọrọ̀-ajé ló kọ ọ́, òun ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń wò kọ àdéhùn owó-orí tiwọn), kí wọ́n kà á síta. Wọ́n á rí i pé ohun mẹ́ta ló béèrè, iye ọjọ́ sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Èkejì ni pé ẹni tó ń san owó oṣù náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ náà lọ. Ẹ̀kẹta ni pé ẹ̀ka tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ru ìnáwó náà.

Nídìí iṣẹ́ wa, ẹ̀kẹta yẹn ló máa ń mú oníbàárà, torí àwọn oníṣirò owó ti gbé owó oṣù náà lé ẹ̀ka òkè òkun lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á wá nawọ́: kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú ẹni tó ru ìnáwó? Ẹ gbọ́dọ̀ lè dáhùn. Bí ẹ̀ka yẹn bá ti yọ owó oṣù náà kúrò nínú èrè rẹ̀, orílẹ̀-èdè náà ti pàdánù owó-orí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò ní gbà kí tọwọ́ òṣìṣẹ́ náà tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oníbàárà kì í béèrè ìdí. "Ṣé a lè ṣe é?" lòun ń béèrè. Kíláàsì ló máa fi dandan lé e pé kí ẹ mọ ìdí, ìwé ìmọ̀ràn tí ẹ̀ ń kọ á sì já gaara ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

ṢéOwóNáàŃkọ́

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́Ìrọ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ wọn ò mẹ́nu kan owó. Ẹ kó wákàtí ìgbáradì, wákàtí kíláàsì àti ti ìwé ìdánwò pọ̀, kí ẹ pín owó tí yunifásítì máa san sórí wọn, kí ẹ wá fi wé iye tí ilé-iṣẹ́ yín ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà fún wákàtí yín kan. Ẹ máa rẹ́rìn-ín ni. Bó bá jẹ́ torí owó, ẹ wá oníbàárà méjì sí i.

Olùkọ́Ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni, ẹni tó ń wá owó lọ síbẹ̀ ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ oníṣirò àti ti àwọn onímọ̀ owó-orí máa ń ka ìkọ́ni mọ́ wákàtí ẹ̀kọ́ tó pọn dandan fún ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ yẹ ìlànà ẹgbẹ́ tiyín wò.

Agbẹjọ́ròKan

Àkókò àti owó lẹ ti ń sọ látàárọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ewu wà. Ewu ibẹ̀ ni pé àga méjì lẹ máa jókòó lé, ẹni tó ń gbọ́ yín ò sì ní mọ èyí tí ẹ̀ ń ti orí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀yin gan-an ò ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àṣírí oníbàárà. Ẹni tó ti ẹnu iṣẹ́ wá máa ń fẹ́ fi ìtàn kọ́ni: "Oníbàárà mi kan báyìí..." Ẹ má ṣe é. Pípààrọ̀ orúkọ kò tó. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú òwò yẹn ò bá ju mẹ́ta lọ, gbàrà tí ẹ bá ti sọ irú òwò náà àti ọdún tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́yìn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti mọ̀ ọ́n. Àṣírí náà kì í sì í kúrò lọ́rùn yín nítorí pé iṣẹ́ oníbàárà ti parí. Mo tún fẹ́ kí ẹ rántí ohun kan: nínú kíláàsì másítà lórí owó-orí, ó ṣeé ṣe dáadáa kí òṣìṣẹ́ àjọ agbowó-orí wà lára àwọn tó sanwó wá kẹ́kọ̀ọ́.

Ìdájọ́ tó ti wà nígboro pọ̀ ju ohun tí ẹ lè kọ́ tán lọ. Ẹ gbé ẹjọ́ Duke of Westminster kalẹ̀, èyí tó wà nínú ìwé ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1936. Ọlọ́lá yìí fọwọ́ sí ìwé ẹ̀jẹ́ pé òun á máa san iye kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé òun, ológbà wà lára wọn. Òfin ìgbà yẹn gbà kó yọ irú owó ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí àfikún tó máa san, kò sì gbà kó yọ owó iṣẹ́. Agbowó-orí ní owó iṣẹ́ ni, ó kàn pa aṣọ dà ni. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù gbè lẹ́yìn Ọlọ́lá; ohun tí ìwé sọ ni wọ́n wò. Kí ẹ wá gbé ẹjọ́ Ramsay ti 1981 tì í. Ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ kan jèrè lórí dúkìá tó tà, ó sì ra ètò kan tí àwọn ọlọ́gbọ́n tò kó lè bí àdánù orí ìwé tó máa pa èrè náà rẹ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù yìí kan náà ní àwọn ò ní máa wo ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ìdajì kíláàsì gbèjà ẹni tó ń san owó-orí, kí ìdajì gbèjà ìjọba, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Àṣírí ẹnikẹ́ni ò tú, wọ́n á sì jiyàn títí wọ́n á fi gbàgbé pé ilẹ̀ ti ṣú.

Èyí tó le jù ni èrò yín fúnra yín. Ká ní ẹ kọ ọ́ sínú jọ́nà pé òfin kan ò gba àlàyé báyìí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé àlàyé kan náà lọ sílé-ẹjọ́ nítorí oníbàárà, agbẹjọ́rò ìjọba á ṣí jọ́nà, á sì ka ọ̀rọ̀ yín sí yín létí. Ìdàkejì rẹ̀ tún burú jù: kí ẹ máa pa èrò yín mọ́ lẹ́nu ní kíláàsì torí oníbàárà ń bẹ tí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ohunkóhun tí ẹ bá tẹ̀ jáde, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹ ń gba oníbàárà nímọ̀ràn lórí ọ̀ràn yẹn.

ÌwéÀtijọ́

Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n jù, Agbẹjọ́ròKan. Ká ní àwọn tó ń kọ́ni ò ti ọwọ́ bọ iṣẹ́ owó-orí ni, ìdajì ohun tí gbogbo wa fi ń jẹun lónìí ò ní sí.

T. S. Adams, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yale, ló ń gba ilé-iṣẹ́ ìṣúná Amẹ́ríkà nímọ̀ràn nígbà tí òfin 1918 gbà á wọlé pé kí owó-orí tí èèyàn ti san lókè òkun dín èyí tó máa san nílé kù. Ní 1923, League of Nations, àjọ àgbáyé tó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gba ìròyìn lórí sísan owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́rin: Bruins láti Rotterdam, Einaudi láti Turin, Seligman ti Columbia, àti Josiah Stamp. Stamp ni kí ẹ wò dáadáa, nítorí òun ló jọ wa jù. Akọ̀wé kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀ níléeṣẹ́ agbowó-orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà tó fi kàwé gboyè ní Yunifásítì London. Einaudi ní tiẹ̀ padà di ààrẹ Ítálì láti 1948 sí 1955. Carl Shoup, ará Columbia náà, ló kó ikọ̀ lọ sí Japan ní 1949 láti tún ètò owó-orí wọn tò. Stanley Surrey ti Harvard wà nílé-iṣẹ́ ìṣúná Amẹ́ríkà láti 1961 sí 1969, lẹ́yìn náà ló padà sí kíláàsì.

Agbẹjọ́ròKan

Ẹ ṣeun, mo gbádùn ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ẹ dárúkọ, ìjọba ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn. Oníbàárà aládàáni ló ń sanwó fún Oníṣirò_Òwúrọ̀. Nígbà tó bá di pé méjèèjì pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà. Ó hàn sí gbogbo ayé ní 2023 pé ọ̀gá kan nílé-iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ńlá, tí ìjọba ti pè wá jíròrò òfin tó máa dí ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ àgbáyé fi ń yẹ owó-orí sílẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ àṣírí tó gbọ́ níbẹ̀ lọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ olùkọ́ yunifásítì a máa tètè wọ ìwé àwọn tí ìjọba ń pè sí ìgbìmọ̀. Bí wọ́n bá pè yín, kí ẹ mọ̀ pé oníbàárà yín náà á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ló máa fi béèrè.

ÌwéÀtijọ́

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má wá rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò ní oníbàárà ni kì í ṣi ọ̀nà. Nicholas Kaldor ti Cambridge kọ ìròyìn fún Íńdíà ní 1956, pé kí wọ́n máa gba owó-orí lórí ohun tí olówó ń ná. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n pa á tì, wọ́n tún gbé e dìde, wọ́n tún pa á tì, gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní Gánà, ìṣúná 1961 tí ìmọ̀ràn rẹ̀ wà nídìí rẹ̀ fi ìfowópamọ́ tipátipá lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Sekondi-Takoradi sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin ni Kaldor, kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ti jókòó ti èèyàn tó fẹ́ san owó náà, tó ti rí bí wọ́n ṣe ń wá owó tí wọ́n máa san, á ti mọ ibi tí ariwo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń fẹ́ irú Oníṣirò_Òwúrọ̀ ní kíláàsì nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́Àná

Ẹ jẹ́ kí àwa tí wọ́n kọ́ náà sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó lábẹ́ olùkọ́ méjì tó ń ṣe irú èyí. Àkọ́kọ́ kò ní ohun mìíràn ju ìtàn ogun lọ: bó ṣe bá agbowó-orí fà á, bí wọ́n ṣe sá fún un. A rẹ́rìn-ín títí. Ìdánwò dé, kò sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ ká ti mú un. Tí àkókò tí ilé-iṣẹ́ ń fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ bá tún dé, ímeèlì alẹ́ ló máa fi sọ fún wa pé kò sí kíláàsì lọ́la.

Èkejì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á gbé ìwé àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì kan fún wa, á ní: oníbàárà yín fẹ́ fi oṣù mẹ́jọ kọ́ afárá níbí, ẹ gbà á nímọ̀ràn. A pariwo pé kò sí owó-orí, torí lábẹ́ àwòṣe OECD, ibi iṣẹ́ ìkọ́lé gbọ́dọ̀ ju oṣù 12 lọ kí orílẹ̀-èdè náà tó lè kà á sí ibi òwò tó fìdí múlẹ̀. Ó wò wá. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé OECD ni wọ́n tẹ̀ lé nínú àdéhùn yìí?" A ṣí i, oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, bíi ti àwòṣe Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìtìjú mú wa. Títí di báyìí tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò lè dáhùn ìbéèrè kankan láìṣí àdéhùn náà gan-an wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ wa, kì í ṣe ìtàn yín la nílò. Bí ẹ ṣe ń kàwé lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ fi hàn wá.

IléÌwéNiMoWà

Lórí oyè ọ̀mọ̀wé, èmi tí yunifásítì jẹ́ iṣẹ́ mi pátápátá, ohun tí mo mọ̀ rèé. Fún kíláàsì kan lọ́sẹ̀, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ yín àti ìrírí yín tó fún ọ̀pọ̀ yunifásítì. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbà yín wọlé pátápátá, wọ́n á béèrè oyè náà, wọ́n á sì béèrè ìwé tí ẹ ti tẹ̀ jáde nínú jọ́nà tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò. Àkọsílẹ̀ tí ẹ kọ fún oníbàárà, bó ti wù kó jinlẹ̀ tó, wọn ò ní kà á.

Mo ti darí ìwádìí àwọn tó ti ẹnu iṣẹ́ wá. Ibi kan náà ni wọ́n máa ń kọsẹ̀ sí. Orí àkọ́kọ́ ìwé wọn máa ń jọ ìmọ̀ràn: òfin wí báyìí, nítorí náà ẹ ṣe báyìí. Mo máa ń béèrè pé ìbéèrè dà? Olùdámọ̀ràn ń wá ibi tí oníbàárà lè gbà kọjá, ó sì ti fẹ́ mọ ìdáhùn tó ń wá kó tó jókòó. Olùwádìí gbọ́dọ̀ lè fara da ìdáhùn tí kò wu ẹnikẹ́ni, títí kan òun fúnra rẹ̀. Ìyípadà yẹn le, ó le ju kíkà ìwé lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá lè yí i padà máa ń kọ ohun tí àwa ilé-ìwé ò lè kọ, torí wọ́n mọ ibi tí òfin ti ń dun èèyàn.

Àwọn yunifásítì kan ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n fún ẹni tó ti ẹnu iṣẹ́ wá. Ẹni tó ti gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sábà ń fún. Ẹ kọ́ sáà kan ná. Kò bọ́gbọ́n mu kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ nígbà tí ẹ ò tíì mọ̀ bóyá kíláàsì wù yín.

Oníṣirò_Òwúrọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́ta ló kù. Sláìdì tí mo bá ṣe, ta ló ni ín? Ọmọ iṣẹ́ kan lábẹ́ mi wà lára àwọn tó ń ṣe másítà yẹn, ṣé ìyẹn ò burú? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa wá bẹ̀ mí fún iṣẹ́ ńkọ́?

Agbẹjọ́ròKan

Sláìdì: ẹ ka ìwé àdéhùn méjèèjì kí ẹ tó kọ ìlà kan. Ilé-iṣẹ́ yín lè sọ pé tàwọn ni ohunkóhun tí ẹ bá kọ lórí iṣẹ́ yín, yunifásítì náà lè sọ bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí ẹ kọ fún kíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè máa lò ó lọ bí ẹ bá kúrò. Ẹ má gbé sláìdì tí ilé-iṣẹ́ fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ tiwọn lọ sí kíláàsì.

Ọmọ iṣẹ́ yín: kò burú bí ẹ bá sọ ọ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka náà, kí ẹlòmíràn máa ka ìwé ìdánwò rẹ̀. Ẹ ro ti ọmọ náà náà. Bó bá gbà máàkì gíga, wọ́n á ní ọ̀gá rẹ̀ ló fún un. Bó bá fìdí rẹmi, ẹ̀yin méjèèjì ló máa padà wọ ọ́fíìsì kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn tó ń wá iṣẹ́: kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà. Títí máàkì á fi jáde, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá yín tó ní òun ò rí ohun tó burú níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwé: pé ó fọwọ́ sí i, ọjọ́ tó jẹ́, àti pé ẹnu ara yín lẹ fi ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́.

Olùkọ́Ìrọ̀lẹ́

Ó ku kàlẹ́ńdà. Kí ẹ tó wo ti yunifásítì, ẹ wo ti oníbàárà. Bí sáà tí wọ́n fún yín bá bọ́ sí àkókò tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń sáré fi ìwé owó-orí ránṣẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní sáà kejì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì á gbà bí ẹ bá tètè sọ, wọn ò sì ní dáríjì yín bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Ẹ tún wá ẹlẹgbẹ́ kan níbi iṣẹ́ tó máa gbé fóònù yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ṣáájú. Ẹ̀yin náà kí ẹ gba ìrọ̀lẹ́ mìíràn fún un nígbà tó bá nílò rẹ̀.